Ìpín Ọmọ Àlejò ní Iléèwé Ìdáàṣà

Nígbà tí mo wà ní Ìṣẹ́yìn, n kò bi ara mi rí pé ta ló ń sanwó iléèwé. Ọmọ a jí, a wẹ̀, a wọ aṣọ, a lọ. Tíṣà a kọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, ọmọ a padà wálé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀ àti orin òyìnbó lẹ́nu. Wọ́n ní ìjọba ló ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, èmi náà sì gbà á bí ẹni gba òjò. Ìdáàṣà ni mo ti mọ̀ pé kò sí ọmọ kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹnì kan kò ti sanwó ibi tó jókòó sí. Ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọ tèmi dìde ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ. Dàhòmì kò tíì pẹ́ tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé nígbà náà, wọ́n sì ní ọjà ń yá lójú ọ̀nà tó lọ sí Parakú. Abọ́ tánńganran àti àtùpà ló ń tà. Nígbà tó rí ṣọ́ọ̀bù gbà nínú ọjà Ìdáàṣà, ó ránṣẹ́ pe èmi àti Ràfátù, ọmọ wa. N kò ní sọ ti ọ̀nà. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù rí ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn òkè ibẹ̀ bà mí lẹ́rù. Òkúta dúdú ràgàjì ni wọ́n, wọ́n yí ìlú ká, bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, òjìji wọn a bo ọjà mọ́lẹ̀ kí a tó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ṣùgbọ́n èdè ló dùn mí ju òkè lọ. Ká ní èdè mìíràn pátápátá ni wọ́n ń sọ ni, ǹ bá mọ̀ pé mo ti dé ìdálẹ̀. Èdè wọn súnmọ́ tiwa. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ohùn ẹbí rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri: o mọ̀ pé tìrẹ ni, o kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Mo máa ń kí wọn, wọ́n á dáhùn, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a dé ni mo mú Ràfátù lọ sí iléèwé ìjọba. Dìrẹ́tọ̀, ìyẹn ọ̀gá iléèwé, jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá wa dáadáa. Inú mi dùn. Ó fún Ràfátù ní ìwé Faransé kan, ó ní kó kà á. Ọmọ náà wò ó títí, kò lè ka ohunkóhun.

"Ó mọ̀wé, sà," mo wí. "Ó ti dé kíláàsì kẹta nílé."

"Ìyá Ràfátù, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe fi ọmọ mi sáàárín àwọn ọmọ tí eyín wọn kò tíì yọ tán nìyẹn. Orí rẹ̀ yọ láàárín wọn bí igi ọ̀pẹ láàárín ẹ̀gẹ́. Nígbà tí mo yọjú wò ó lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì fi ìdajì ìdí jókòó ni, ìdajì kejì wà lófuurufú. Àwọn mìíràn jókòó sórí òkúta tí wọ́n rù wá láti ilé. Mo bi dìrẹ́tọ̀ pé kí ló dé tí kò sí bẹ́ǹṣì.

Kò bínú sí mi. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba ńlá tó wà létí òkun ló ń san owó oṣù àwọn mẹ̀sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe tíṣà níbẹ̀. Ilé, bẹ́ǹṣì, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó, ọwọ́ ìlú ló wà. Ibo ni ìlú ti ń rówó? Owó orí àwọn àgbẹ̀, àti owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa tí a pàtẹ lọ́jà.

"Èyí tó bá kù lẹ́yìn ọ̀nà àti afárá ni wọ́n ń fún wa," ó wí. "Bí ẹ bá pín in sórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìpín ọmọ kan lọ́dún kò lè ra gíláàsì àtùpà kan ní ṣọ́ọ̀bù yín."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn le fún ọmọ náà. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní sìnyáàlì, igi kékeré kan tí wọ́n so okùn mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ tó sọ èdè ilé rẹ̀ ni wọ́n máa fi kọ́ lọ́rùn, òun náà á sì máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó máa ṣèèṣì kó lè gbé e fún un. Ràfátù gbé e wálé lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó yá, ó dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ pátápátá. Ó lè ti iléèwé dé kó má la ẹnu títí yóò fi jẹun tán. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é.

"Mò ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni, Ìyá mi," ó wí. "Bí mo bá sọ tilé, tibẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ mi."

Èmi náà kò ní ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi máa ń lọ ra ọjà, ó lè pẹ́ kó tó dé. Èmi á jókòó ti àwọn àtùpà, wọn á tò lọ bẹẹrẹ, kò sí èyí tó tàn. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ rán àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí apá ilé: ẹ sọ fún ìyá mi pé ara wa le. Awakọ̀ á padà dé lẹ́yìn oṣù kan, á ní wọ́n ní kí a kí yín. Bí a ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀ nìyẹn, èmi àti ìyá mi, títí ó fi kú. Awakọ̀ kan náà ló sọ ikú rẹ̀ fún mi, ó ti gbàgbé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó ń já ẹrù lọ́wọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

Obìnrin kan ṣoṣo ló di ọ̀rẹ́ mi, àgbẹ̀ Àgùdà kan láti abúlé Tré. Ìyá Pólì ni a ń pè é. Ó jù mí lọ. Bó bá ru iṣu wá sọ́jà, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń sọ̀ ọ́ sí kó lè fara pamọ́ fún oòrùn. Díẹ̀díẹ̀ ni etí mi là sí èdè rẹ̀. Pólì ọmọ rẹ̀ àti Ràfátù wà ní kíláàsì kan náà, ẹsẹ̀ sì ni Pólì fi ń ti Tré wá sí ìlú lójoojúmọ́ ayé.

Ìdùnnú wà níbẹ̀ o. N kò ní parọ́. Ní ọdún kẹta, Ràfátù gbapò kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ tú páálí gíláàsì tuntun, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára ní Faransé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn fọwọ́ nu ojú páálí náà. Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ra bàtà awọ pupa fún un.

Kò pẹ́ sí i ni nǹkan bàjẹ́. Òjò kò rọ̀ dáadáa, àwọn àgbẹ̀ kò rí owó orí san. A ń gbọ́ pé ìjọba létí òkun ń gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ̀sí lọ, kò sì padà. Lẹ́yìn náà, ògiri yàrá kan lanu, wọ́n ní kí ọmọ kankan má wọ ibẹ̀ mọ́. Ọmọ yàrá méjì ni wọ́n ń há mọ́ yàrá kan.

Ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, dìrẹ́tọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa fúnra rẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dì í mú.

"Bàbá Ràfátù, mo wá kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu akéde. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí n dín àwọn ọmọ kù. Àwọn ọmọ ìlú ló ní àyè lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ àlejò tí kò bá rí àyè, kó máa dúró."

"Títí di ìgbà wo?" ọkọ mi bi í.

"N kò mọ̀."

"Ràfátù ló gbapò kìn-ín-ní," mo wí.

"Mo mọ̀, ìyá. Èmi ni mo fún un ní ẹ̀bùn rẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Àwa ará Nàìjíríà ṣèpàdé nílé Bàbá Sùúlè, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí wa. Ó ní ká mú sùúrù, àlejò kì í jà fún àga nílé onílé. Àwọn ọkùnrin gbà bẹ́ẹ̀. Inú àwa obìnrin kò gbà á. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti àwọn ìyá díẹ̀ lọ bá kòmándà, bí wọ́n ṣe ń pe olórí ìjọba agbègbè náà láti ayé òyìnbó. Ògbufọ̀ kan dúró láàárín wa.

Mo sọ pé àwa là ń sanwó pàtẹ lójoojúmọ́, ìbáà tà, ìbáà má tà. Mo ní bẹ́ǹṣì iléèwé wà nínú owó yẹn. Kòmándà fetí sílẹ̀. N kò lè sọ pé ó fi wá ṣẹ̀sín. Ó dàbí ẹni tí kò sùn dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ògbufọ̀ sì kó gbogbo rẹ̀ wá fún wa báyìí pé:

"Ó ní owó tó wà lọ́wọ́ òun, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fún òun lọ́dún. Bó bá fi ọmọ kan kún un, ìpín àwọn yòókù á dín kù. Ó ní kí ẹ̀yin fúnra yín dárúkọ ọmọ tí òun máa já ìpín rẹ̀ gbà fún ọmọ yín."

A wo ara wa. Orúkọ Pólì ló wá sí mi lẹ́nu, nítorí òun nìkan ni ọmọ onílé tí mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbé e mì. A kí kòmándà, a sì jáde.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Pólì, mo retí pé yóò bá mi bínú sí wọn. Ó ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára iṣu, kò gbé orí sókè.

"Ìyá Ràfátù, ǹjẹ́ o mọ ẹni tó kọ́ iléèwé yẹn?"

"Ìjọba ni."

"Ìjọba kó páànù wá. Àwa la ru òkúta. Mo ru òkúta pẹ̀lú oyún Pólì nínú. Ẹ̀yin ń sanwó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mi kò rí owó yín. Òkúta ni wọ́n rí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní ṣé torí pé a kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ru òkúta ni ọmọ wa ṣe máa di aláìmọ̀wé? Ó gbé iṣu náà sílẹ̀.

"Wọ́n lé àbúrò ọkọ mi kúrò ní Àbíjàn," ó wí. "Akọ̀wé ni níbẹ̀. Àwọn onílé ní àwọn àlejò ti gba iṣẹ́ ọmọ àwọn. Aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló wọ̀ dé. Nítorí náà mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún yín. Ẹ kọ́ yàrá kan. Ẹ ru òkúta tiyín. Ẹni tó bá ru òkúta, ojú á tì wọ́n láti lé e."

Ọkọ mi kò fẹ́. Ó ní ta ló ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé e kúrò lọ́la. Ṣùgbọ́n Bàbá Sùúlè, tí mo rò pé yóò kọ̀, òun ló kọ́kọ́ yọ owó sílẹ̀. Ìyá Pólì sì bá wa lọ bá àwọn àgbà tó ń bọ òkè, torí òkè wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan, wọ́n fi èyí tó ṣeé gé hàn wá. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn la fi ru òkúta. Àwọn ọkùnrin tí kì í gbé ju ìdì aṣọ lọ, mo rí wọn tí wọ́n ru òkúta lórí. Ràfátù náà rù ú. Ó yọ bàtà pupa rẹ̀ kó má baà họ, ó fi ẹsẹ̀ lásán gun òkè.

A fi páànù bò ó kí òjò tó dé. Yàrá gbọọrọ kan, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Tré. A tilẹ̀ kan bẹ́ǹṣì síbẹ̀. Kòmándà wá, ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn obìnrin ìlú kọ́kọ́ fi orúkọ ọmọ mi pè mí lọ́jà. Mo rò pé mo ti dé.

Mẹ̀sí kò wá. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé bí ìlú bá tilẹ̀ kọ́ yàrá, ìjọba ńlá gbọ́dọ̀ rí owó oṣù mẹ̀sí kó tó rán an wá. Dìrẹ́tọ̀ kọ̀wé, ó tún kọ. Ìjọba yí padà létí òkun, àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n tún lọ, àwọn mìíràn tún dé. Òkúta wa dúró nínú òjò. Ewúrẹ́ wọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n kó àpò òwú síbẹ̀, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo lọ sí póòsì láti fi tẹlifóònù pe àbúrò mi Bùráímọ̀, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Mo jókòó láti òwúrọ̀ títí mo fi kírun ọ̀sán lẹ́yìn ilé wọn kí wọ́n tó pè mí. Ohùn rẹ̀ jìnnà bí ẹni tó wà nínú kànga.

"Ẹ fi ọmọ náà ránṣẹ́ sílé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀fẹ́ ni níbí."

"Kò sí ọ̀fẹ́, Bùráímọ̀. Kókó àwọn bàbá wa ló ń san án, àti owó orí rẹ."

"Ìyẹn náà ni. Ṣùgbọ́n àyè wà fún un."

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ràfátù pé yóò lọ bá àbúrò mi. Ó bi mí pé kíláàsì wo ni wọ́n máa fi òun sí. Mo ní ó ti gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì, bóyá wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ náà ti ga tó mi nígbà náà.

"Ìyá mi, ẹ má bínú," ó wí. "N kò lè jókòó sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́ẹ̀kejì." Ó mú àkísà, ó ń nu gíláàsì àtùpà lọ. Kí n tó lè rọ̀ ọ́ dáadáa, ìròyìn dé pé wọ́n ń jó ilé àti èèyàn ní Nàìjíríà nítorí ìṣèlú. Bùráímọ̀ ní ká dúró ná. A dúró.

Èèyàn lè pẹ́ níbi tó ti ń dúró débi pé á gbàgbé pé dídúró ni òun ń dúró. Mo bí ọmọ kejì sí Ìdáàṣà, Ṣìfáwù. Èdè ibẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé ìgbà wo lẹ ó padà sílé, mo máa ń ní lẹ́yìn ìkórè. Ràfátù ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń dúnàá-dúrà, òun ló ń sanwó pàtẹ fún àgbowó ọjà. Bàtà pupa ti kéré jù fún un tipẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin awakọ̀ kan láti Ṣábẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra àtùpà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, a sì mọ̀ pé kì í ṣe àtùpà ló ń wá.

Ṣìfáwù kò tíì tó ọmọ iléèwé lójú mi nígbà tí wọ́n kó àpò òwú kúrò nínú yàrá wa. Mẹ̀sí dé. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ wá, ti onílé àti ti àlejò. Mo sáré lọ bá dìrẹ́tọ̀, mo bi í nípa Ràfátù. Ó ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá èyí tí òfin gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Ràfátù fúnra rẹ̀ ló wẹ Ṣìfáwù, ó di irun rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ. Èmi tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ ti kún yàrá náà, wọ́n fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mẹ̀sí tuntun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó gba Ṣìfáwù wọlé. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo Ràfátù, tó ti gbé ọwọ́ lé òkúta fèrèsé, ó sì bi í ní ohun kan ní Faransé.

Ràfátù dá a lóhùn. N kò tíì gbọ́ kó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Faransé náà ń dà lẹ́nu rẹ̀ geere, láìkọsẹ̀, débi pé ojú mẹ̀sí yí padà, ó sì tún bi í léèrè ohun kan. Ràfátù mi orí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ó sì yíjú kúrò níbẹ̀.

Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, mo ní, "Kí ni ó bi ọ́? Kí lo sọ fún un?"

"Ó bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà," Ràfátù wí. "Mo ní mo kàn sin àbúrò mi wá ni."